Ta Ni Ó Ni Orúkọ Òṣìṣẹ́?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa. Ìbéèrè tí ayé òde òní gbé ka iwájú wa ni èyí: bí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó sì rí iṣẹ́, ǹjẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti tún un sọ lórúkọ?

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan rí ni ó jẹ́ kí n máa ro ọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn ìbejì ni ìyá rẹ̀ bí i, Ìdòwú sì ni ó ń jẹ́. Ó rí iṣẹ́ ní Lomé níbí, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń dá àwọn oníbàárà ilẹ̀ Faransé lóhùn lórí fóònù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sọ fún un pé Sandrine ni yóò máa jẹ́. Wọn kò bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, oníbàárà kan kọ̀wé láti yin iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìdòwú fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi han ìyá rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá? Orúkọ mi kò sí nínú rẹ̀.”

Àwọn baba wa mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà: ẹni tí ó yá owó a máa fi iṣẹ́ ṣe èlé títí yóò fi san gbèsè náà. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Àgbàlagbà tí ó jẹ́ ìwọ̀fà ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀; iṣẹ́ tí wọ́n dá fún un ni olówó rẹ̀ lè béèrè. Èmi kò gbàdúrà kí ètò náà padà, nítorí ìyà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi ààlà sí agbára olówó lórí ajigbèsè, mélòó mélòó ni ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí òógùn ojú rẹ̀ ni ó fi ń gba owó oṣù?

Ọ̀gá iṣẹ́ kò ṣàìní àwíjàre. Yóò ní oníbàárà a máa pa fóònù bí ó bá gbọ́ orúkọ tí kò mọ̀; yóò ní òun náà ni òun ń yan aṣọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ráhùn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gé èékánná kí ó má baà kó àrùn ran aláìsàn. Ẹni tí ń kọ́lé alájà gbọ́dọ̀ dé akoto. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó béèrè ìwọ̀nyí. Òṣìṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ lè fẹ́ orúkọ àdàpè kí oníbàárà tí inú ń bí má baà wá a kiri. Kí a jẹ́ kí ó yan èyí tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ta ni orúkọ Ìdòwú pa lára? Bí oníbàárà bá kórìíra orúkọ àjèjì, oníbàárà ni àìsàn ń ṣe. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òṣìṣẹ́ ni a ń fún ní oògùn lò?

Àwọn adájọ́ ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Mohamed máa jẹ́ Laurent. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2009, Cour de cassation sọ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀tanú nítorí ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, àti pé bí àwọn mìíràn bá tilẹ̀ ń jẹ́ Mohamed níbi iṣẹ́ náà, èyí kò tó àwíjàre. Òfin iṣẹ́ ti Tógò, ti ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 2021, kọ ẹ̀tanú lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí Sandrine jẹ́ orúkọ Faransé ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní 1974, Ààrẹ Eyadéma fi Étienne sílẹ̀, ó ń jẹ́ Gnassingbé. Ìjọba sì ní kí àwọn ará Tógò fi orúkọ òkèèrè sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ́ ti ìbílẹ̀. Inú àwọn kan dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí wọ́n ti ń pè ní Marie láti ọjọ́ ìsàmì rẹ̀, ta ni ó bi í léèrè? Ọwọ́ tí ó gba Marie lọ́wọ́ ìyá àgbà àti ọwọ́ tí ó gbé Sandrine lé Ìdòwú lórí, ọwọ́ kan náà ni. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó bá sì di ìjánu mú ni ó ń darí ẹṣin. Owó oṣù ń ra agbára apá àti wákàtí ọjọ́. Kò ra ìjánu.

Èmi náà jẹ̀bi o. Akẹ́kọ̀ọ́ Kabiyè kan wà ní kíláàsì mi tí orúkọ ìbílẹ̀ rẹ̀ ṣòro fún mi láti pè. Odindi ọdún kan ni mo fi ń pè é ní orúkọ Faransé tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, nítorí ìrọ̀rùn ara mi. Kò bá mi jiyàn, nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ ni mí, mo sì ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ìfọwọ́sí. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá Ìdòwú ṣe rò pé ó gbà. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ ìwọlé, mo ń bi olúkúlùkù wọn léèrè: orúkọ wo ni o fẹ́ kí n máa fi pè ọ́? Ìbéèrè náà kò gba àkókò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ná ọ̀gá iṣẹ́ kankan ní fráǹkì kan.