Ta Ló Rí Ejò?

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Lóde òní, òwe yìí ti di ohun tí a fi ń tu ara wa nínú. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá a san owó ilé-ìwé ọmọ á fi rẹ́rìn-ín; obìnrin tí wọ́n fi jọ̀gá níbi iṣẹ́ á fi pa àwọn tó ń kùn lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ lẹ́nu wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ejò ni òwe ń sọ, ejò a sì máa pa ènìyàn. Mo fẹ́ ká gbé e lọ síbi tí ikú ti wà nínú ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ìyẹn ojú ogun, ká wò ó bóyá ó lè dúró níbẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí obìnrin gbé ìbọn kọjú sí ọ̀tá? Ṣé ó tọ́ kó wà lára àwọn ọmọ ogun àkànṣe tí wọ́n ń já sínú igbó lóru láti lọ gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀?

Ẹ wo bí òwe náà ṣe dájọ́. Kò sọ pé obìnrin lágbára tó ọkùnrin. Kò sọ pé ọkùnrin tó rí ejò tí kò pa á jẹ́ ojo. Kò tilẹ̀ yin obìnrin náà, èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu díẹ̀. Òkú ejò nìkan ló ń wò. Ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ejò tó bá ráyè sá wọ abẹ́ ibùsùn kò ní yan ẹni tí yóò bù jẹ, gbogbo ilé ló wà nínú ewu. Nígbà tí ewu bá sì jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹni tó bá ní ká dúró kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iyì ọkùnrin ká tó lu ejò, ilé ló ń fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n òwe kan náà ń bá ẹlòmíràn wí, ìbáwí tí a kì í sábà fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá fi kùmọ̀ lé obìnrin lọ́wọ́ kìkì kí aráyé lè rí i pé obìnrin mú kùmọ̀, tí ejò sì sá lọ, òun náà ti fi ilé tọrẹ.

Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn kan pẹ́ kó tó ṣí. Obìnrin ti wà nínú iṣẹ́ ológun wa tipẹ́: nọ́ọ̀sì, dókítà, agbẹjọ́rò, akọ̀wé. Adérónkẹ́ Kale, dókítà àrùn ọpọlọ, dé ipò Mejọ Jẹ́nẹ́rà ní àwọn ọdún 1990, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa. Ẹ̀ka ìjà gan-an ni wọn kò jẹ́ kí obìnrin dé. Ọdún 2011, lábẹ́ ìjọba Goodluck Jonathan, ni iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA, kọ́kọ́ gba ogún ọmọbìnrin sí ẹ̀ka náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Tolúlọpẹ́ Arótilé wọlé síbẹ̀, ọmọ Iffe ní Ìjùmú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n fi í hàn gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ó lọ bá àwọn agbébọn jà ní ìpínlẹ̀ Niger. Àgbẹ̀ tí àwọn agbébọn ti lé kúrò lóko, tó gbọ́ ìró hẹlikọ́pítà lókè orí rẹ̀, kò ní dúró béèrè bóyá ọkùnrin ló ń wà á. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2020, mọ́tò kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn, tí ẹni tí wọ́n jọ lọ ilé-ìwé ń wà, gbá Arótilé nínú bárékè àwọn ológun òfúrufú ní Kàdúná, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ ló gbé Arótilé, kì í ṣe òun ló gbé ẹ̀rọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ jagun lè ru ẹrù tó tó ogójì kìlò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó tún wá gbé ẹnìkejì rẹ̀ tí ọta bà kúrò lójú ìbọn. Ní ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà dán ẹgbẹ́ ọkùnrin nìkan àti ẹgbẹ́ tí ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin wà nínú rẹ̀ wò lórí iṣẹ́ ogun oríṣi 134. Nínú 93, ẹgbẹ́ ọkùnrin nìkan ló ṣe é dáadáa jù. Ìwọ̀n àwọn obìnrin tó fara pa sì ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin lọ. Àwọn kan bínú sí ìwádìí yìí bí ẹni pé ó bú wọn. Ray Mabus, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà náà, kò gbà pé ó tó láti ti ilẹ̀kùn. Àbọ̀ ìwádìí náà kò yẹ ní ohun ìbínú o. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀ ló wọ̀n.

Ní ọdún kan náà, obìnrin mọ́kàndínlógún bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ranger ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin, èyí tí ebi, àìsùn àti òkè gígùn fi máa ń lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin alágbára padà sílé. Méjì nínú wọn, Kristen Griest àti Shaye Haver, parí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Lisa Jaster, ìyá ọlọ́mọ méjì tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, parí tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ìwádìí àwọn Marine kò purọ́, Griest àti Haver náà kò sì purọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní lè ṣe é. Àwọn kan lè ṣe é. Òwe wa kò ka iye obìnrin inú ìlú tó lè pa ejò. Ẹni tó wà níbẹ̀, tí kùmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá pa á, ọ̀rọ̀ parí. Láti fi àìlágbára ẹgbẹ̀rún obìnrin dá ẹyọ kan tó lágbára dúró, ìyẹn kò bá ìrònú òwe náà mu.

Ohun tí ń dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí ni òdiwọ̀n. Òyìnbó ti ń jà lé e lórí fún ọdún pípẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, Ash Carter, mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, ṣí gbogbo ẹ̀ka ogun fún obìnrin, títí kan àwọn ọmọ ogun àkànṣe. Bìrìtìkó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018. Láti ìgbà náà, apá kan ń pariwo pé wọ́n ti dín òdiwọ̀n kù kí obìnrin lè wọlé. Apá kejì ń pariwo pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè kí obìnrin má bàa wọlé. Àwọn méjèèjì ti gbàgbé ejò. Ibi tí òdiwọ̀n ti yẹ kó wá ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tí ọta bà bá wọn ọgọ́rin kìlò, ọgọ́rin kìlò ni. Kì í dín nítorí pé obìnrin ló fẹ́ gbé e, kì í sì í lé nítorí pé ọkùnrin kan kò fẹ́ kí obìnrin bá òun jókòó. Ọ̀gá ológun tó bá fi ìdánwò tí kò kan iṣẹ́ ṣe ọgbà láti dí obìnrin lọ́nà, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Èyí tó bá sì fi máàkì ọ̀fẹ́ gbé obìnrin wọlé kí fọ́tò lè dára, òkú ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fi san án.

Ejò kan tilẹ̀ wà tí ọkùnrin kò lè dé ibi tó sá pamọ́ sí. Ní Afghanistan, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Amẹ́ríkà rí i pé ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ bá àwọn obìnrin ilé sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ tú ara wọn wò. Wọ́n wá ń mú obìnrin dání lọ síbi ìkọlù òru. Ọ̀kan nínú wọn, Ashley White, kú sí Kandahar ní 2011. Norway kó ẹgbẹ́ obìnrin nìkan jọ nínú àwọn ọmọ ogun àkànṣe tirẹ̀ ní 2014. Ọdún kan náà ni Boko Haram bẹ̀rẹ̀ sí í rán obìnrin, àní ọmọdébìnrin, pẹ̀lú bọ́ǹbù lábẹ́ híjáàbù sí ọjà àti bárékè ní àríwá wa. Sójà ọkùnrin tó dúró lójú ọ̀nà ní Màídúgùrì, báwo ló ṣe fẹ́ tú aṣọ obìnrin wò? Bó bá fọwọ́ kàn án, ìjà dé. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, bọ́ǹbù lè dún. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin kankan nínú èyí.

Èsì kan wà tó lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹrù lọ, ẹnu àwọn ìyá ni mo sì ti máa ń gbọ́ ọ jù. Wọ́n ní obìnrin ló ń bí ìlú. Ìlú tó bá fi ìyá sí ojú ogun ti fi ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ sínú iná. Wọ́n ní bí ọ̀tá bá mú obìnrin, ohun tí yóò fojú rẹ̀ rí kò ṣeé sọ. N kò ní fi ẹ̀rín gbá èyí dànù. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, ọmọbìnrin 276 ni Boko Haram kó lọ ní iléèwé wọn ní Chibok. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ìdánwò àṣejáde ni wọ́n wà fún. Ejò bá wọn nínú yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Gbígba ìbọn lọ́wọ́ obìnrin kò tíì mú ogun jìnnà sí obìnrin rí.

Síbẹ̀, òwe náà ní àlàfo kan tí n kò lè fò kọjá. Ọkùnrin ló rí ejò, obìnrin ló pa á. Ta ló sọ pé ejò ni?

Abẹ́òkúta mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ju ìlú èyíkéyìí lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, Ghezo, ọba Dàhòmì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, kó ogun wá sí ẹnu odi ìlú náà. Àwọn Agojie, jagunjagun obìnrin rẹ̀, wà lára àwọn tó gbóná jù nínú ìjà. Àwọn ará Ìṣàgà, ìlú kan nítòsí, ti fi ẹ̀tàn júwe ibi tí odi ti le fún Dàhòmì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá. Ìtàn sọ pé Ẹ̀gbá kò tètè mọ̀ pé obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń gun odi wọn. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe lójú ogun nígbà náà, ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni. Ojú tì wọ́n, inú bí wọn, ìjà wá gbóná sí i títí wọ́n fi lé Dàhòmì padà. Nígbà tí Glele, ọmọ Ghezo, tún kógun dé ní 1864, obìnrin wà ní ìhà méjèèjì odi: Agojie níta, Madam Tinúbú, oníṣòwò ńlá, nínú, tó ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá. Ọdún yẹn ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde.

Bí a bá fi òwe wa wọn Ghezo, kò jẹ̀bi. Ó rí ejò, ó rán obìnrin sí i. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta kì í ṣe ejò. Àwọn tí ogun fọ́ ìlú wọn ló sá wá sábẹ́ Olúmọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1830. Ẹrú ni Ghezo ń wá, Ẹ̀gbá sì dí i lọ́nà. Àwọn Agojie fúnra wọn, ìyàwó ọba ni wọ́n kà wọ́n sí, wọn kò lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ogun kó. Akin ni wọ́n, kò sí iyèméjì. Ní 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin jagunjagun kan tó ga tó ọgbọ̀n mítà ní Kútọnù ní ìrántí wọn, ó sì yẹ wọ́n. Èmi ò mọ ojú tí ọmọ Ẹ̀gbá tó bá dé ibẹ̀ yóò fi wò ó. Àwọn Agojie lọ bá ohun tí ẹlòmíràn pè ní ejò fún wọn jà.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tán bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti kó obìnrin lọ sójú ìjà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n rán sójà obìnrin 300 lọ ṣọ́ ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, tí àwọn ajínigbé ti sọ di ilé nígbà náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò tíì sí obìnrin kan tó jẹ ọ̀gá àgbà fún ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfúrufú ní orílẹ̀-èdè yìí rí. Dúpẹ́ Adélàjà ṣe mínísítà kékeré fún ètò ààbò láti 1999, ó dé ẹnu tábìlì, kò jókòó sórí àga olórí. A ti gbà kí obìnrin pa ejò. A kò tíì gbà kó rí i.

Nítorí náà, kí iléeṣẹ́ ológun kọ òdiwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n má yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó bá dé ibẹ̀ wọlé, kó sì lè gòkè débi tí wọ́n ti ń pinnu ogun. Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Bí ọmọbìnrin yín bá mú fọ́ọ̀mù NDA wálé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ìyìn ọ̀fẹ́ tàn án. Ẹ sọ bí ẹrù náà ti wúwo tó fún un. Bó bá ní òun yóò gbé e, ẹ jẹ́ kó lọ.