Ta Ni Ń Ka Ọjọ́ Tí Ọmọ Ilé Lò Lájò?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Barking àti Dagenham níbí, tí a kì í sì í fẹ́ sọ síta lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé, tí gbogbo wa ń pè ní "indefinite", bí ó bá kúrò ní Ìlú Ọba tí ó sì lò ju ọdún 2 lọ láì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, ìwé náà ti kú. Kò sí adájọ́ kan tí ó jókòó lé e lórí. Òfin ọdún 2000 ni ó ń pa á fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti di ọmọ ìlú, tí ó ti gba pásípọ́ọ̀tù, kò sí nínú èyí. Ìbéèrè mi ni pé, ó ha tọ́ bẹ́ẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níhìn-ín fún ogún ọdún, tí ó ń san owó orí. Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní òun ń lọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí oṣù mẹ́ta ṣe ń di ọdún mẹ́ta. A ó máa yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, a ó máa fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun, títí Olúwa yóò fi pè é. Ṣé kí ọmọ tí ń ṣe èyí máa wo kàlẹ́ńdà? Ṣé kí ó máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bí màmá bá tètè kú, ìwé mi kò ní bàjẹ́? Àwọn kan á ní kí ó sáré wá kí ó sì padà. Owó ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ta ni yóò sì yí aláìsàn padà lóru?

Mo mọ ohun tí ìjọba yóò wí: ìwé ìgbélùú, ẹni tí ń gbé ìlú ni ó wà fún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì pàápàá, bí a kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 450 láàárín ọdún 3, a ó tún ẹ̀kọ́ kọ́ tàbí kí a ṣe ìdánwò kí orúkọ wa tó dúró nínú ìwé. N kò bínú sí ìyẹn. Ọwọ́ tí kò di abẹ́rẹ́ mú fún ìgbà pípẹ́ a máa gbàgbé, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fara pa nítorí pé ọmọ kan jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú? Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń dípẹtà. N kò gbà pé jíjẹ́ ará ìlú ń dípẹtà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, tí a tilẹ̀ bí àwọn mìíràn síbẹ̀, padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Nínú agboolé, orúkọ bàbá ni a ń béèrè, a kì í béèrè ìwé. (N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn o, ìjà ilẹ̀ kì í tán nílé wa.)

Obìnrin ará Ṣúnémù nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹjọ, lo ọdún méje ní ilẹ̀ Filísítínì nítorí ìyàn. Nígbà tí ó padà, ó lọ ké sí ọba nítorí ilé àti oko rẹ̀. Ọba bi í léèrè, ó rò fún un, ọba sì yan ìwẹ̀fà kan láti dá ohun gbogbo padà fún un, títí kan èrè oko láti ọjọ́ tí ó ti lọ. Ọba kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀ ná.

Òfin ibí náà ní ilẹ̀kùn kan: físà ti ẹni tí ń padà bọ̀. Wọn yóò béèrè ìdí tí o fi lọ àti ohun tí ó so ọ́ mọ́ ìlú yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwé ti kú ni wọ́n ń béèrè, láti òkèèrè, pẹ̀lú owó rẹ. Ọ̀rọ̀ Windrush tí ó tú síta ní ọdún 2018 fi hàn wá bí àwọn àgbàlagbà tí ó kàn lọ kí ẹbí ṣe há sí òkèèrè. Kì í sì í ṣe ti àwọn ará Jàmáíkà nìkan. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan tí ó ti fìdí kalẹ̀ níhìn-ín ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí ó wà ní Nàìjíríà nísinsìnyí tí ó rò pé ọ̀nà ti dí, ẹ fi tó o létí pé ètò Windrush kan ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, àti pé ó lè ti ibẹ̀ kọ̀wé.