Ta Ló Sọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Àbọ̀ Òwe àti "Wọ́n Ní"

Ọdọọdún ni a máa ń kọ̀wé nípa owó ẹgbẹ́ àti ilé ìpàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ tí à ń yá lò.

Níbi ìpàdé kan tí a ṣe kò pẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan dìde, ó béèrè ibi tí ìṣírò owó ilẹ̀ tí a dá dúró sí. Òkè-Ọya níbí la bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ dán. Kí akápò tó la ẹnu, àgbà kan ti dá a lóhùn: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì jókòó. Àwa tí à ń kọ èyí wà níbẹ̀, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délé ni ojú tì wá, nítorí a mọ ìyókù òwe náà: ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe tí àwọn baba ńlá wa pa láti fi hàn pé tọmọdé tàgbà ló nílò ara wọn, òun la dá sí méjì, tí a fi ìdajì rẹ̀ pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Àwọn ọmọ wa ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan hun fúnra rẹ̀, tó wá fi orúkọ ẹni ńlá bò ó, fàbú ni. Àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pọ̀ lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá ń dárúkọ GSM, ẹ rántí pé 1987 ni bàbá kú, 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Ẹni tó na ọrùn wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò, gìráàfù ni wọ́n ń pè é. Nílé tiwa, a ti ń pe ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ bí ẹni pé òun ló bí i bẹ́ẹ̀. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní wai, ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi síwájú ìròyìn tí wọn kò fi ojú ara wọn rí. "Wọ́n ní" tiwa nìyẹn. Òun ló ń bà wá lẹ́rù jù. Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú mọ ohun tí "wọ́n ní" lè ṣe lọ́jà láàárín wákàtí kan: ìsọ̀ á tì, àwọn ìyá á sáré lọ kó ọmọ nílé-ìwé, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ ta ni "wọ́n" yẹn.

Ilé Ọlọ́run pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Mélòó nínú wa ni kò tíì sọ pé Bíbélì ló ní Ọlọ́run ń ran ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́? Kò sí níbẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àlímánáàkì rẹ̀ ní 1736, òun náà kọ́ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ hadíìsì ló ṣe èyí dáadáa jù lójú tiwa. Láti ayé Ímáàmù al-Bukhari, tó kú ní 870, àti ṣáájú rẹ̀, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ láìbéèrè ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta. Ọ̀rọ̀ lílọ wá ìmọ̀ dé ilẹ̀ Ṣáínà, tí a ti gbọ́ ní wòlímọ̀ àìmọye, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kà á sí aláìlágbára.

Yorùbá náà ní ìlànà tirẹ̀ kí àmì àyọlò tó dé. Ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o," àgbà á sì dáhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ìbọ̀wọ̀ ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Lójú tiwa, ìjẹ́wọ́ ni pẹ̀lú: mo yá èyí lò, ẹ̀yin tí ẹ ni ín wà níbí, bí mo bá ṣì í pa, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbà ló gé e, ta ni yóò tún un ṣe?

Ẹnìkan lè sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òótọ́ ni. Nílé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú, ọmọ tó gbọ́ àbọ̀ lẹ́nu bàbá lè gbọ́ ìyókù lẹ́nu ìyá àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Níhìn-ín, ohun tí a bá sọ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ di odindi nínú wọn? Ọmọbìnrin wa kan rò títí di ọmọ ogún ọdún pé òwe ẹgba ni "bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí". Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀tún ń bọ̀ wá fà á mọ́ra. Ìwé wà fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ti Olóyè Isaac Delano, *Òwe Lẹ́ṣin Ọ̀rọ̀*, jáde ní 1966; ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèékàn Owómóyèlà, tó ní òwe tó ju 5,000 lọ, jáde ní 2005.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, a dìde, a tọrọ gáfárà, a sì parí òwe náà. Àgbà wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ẹ́ rí òmíràn pa." Akápò ka ìṣírò owó ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó béèrè kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá, oṣù mẹ́ta rèé. A ti fi ẹ̀dà ìṣírò náà rán ìyá rẹ̀ sí i.