Ọdún Ọ̀pọ̀ àti Ọdún Ọ̀dá Nínú Òwò Mẹ́mórì Kọ̀ǹpútà

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni ó fa ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí. Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àlùfáà, mẹ́mórì tí mò ń rà fún àwọn oníbàárà mi, owó rẹ̀ ti fò sókè láti ìparí ọdún 2025. Bí ẹni tí ń rà á bá ń sunkún, ẹni tí ń ṣe é ni ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín." Ó ti rí àpò ìdókòwò kan lórí fóònù rẹ̀, irú èyí tí ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ láti fi ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo, ìyẹn àwọn tí ń ṣe chip. Owó tí ó fẹ́ kó sí i ni owó hàjì ìyá rẹ̀ tí ó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin. Ó sì tún fẹ́ yá díẹ̀ kún un níbi tí wọ́n ti ń gba èlé.

N kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó yẹn. Súrà Al-Baqarah ẹsẹ 275 ti ya kàtàkàrà sọ́tọ̀ kúrò lára èlé: Ọlọ́hun ṣe èkíní ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èkejì ní èèwọ̀. Ẹni tí ó yá owó èlé láti fi ra ohun ẹ̀tọ́ ti ba òwò rẹ̀ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òwò náà fúnra rẹ̀, mẹ́mórì kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí ènìyàn dá owó lé òwò tí ẹlòmíràn ń ṣe kò sì ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa; ọjà Khadijah ni Ànábì gbé lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù kí ó tó di òjíṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí máa ń yá owó ní báńkì, wọ́n sì máa ń gba èlé lórí èyí tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1992, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí ó jókòó ní Jeddah sọ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni pé èèwọ̀ ni kí a ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń fọwọ́ kan èlé nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. AAOIFI tí ó wà ní Bahrain gbà á láàyè pẹ̀lú òdiwọ̀n: kí gbèsè èlé ilé-iṣẹ́ náà má ju 30 nínú 100 iye tí ọjà dá lé e lọ, kí owó tí ó fi gba èlé náà má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí owó èèwọ̀ tí ń wọlé má sì ju 5 nínú 100 lọ. Ìwọ̀n èèwọ̀ yẹn ni a ó yọ nínú èrè, a ó fi fún aláìní, a kò sì ní retí láádá rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni èmi ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n n kò ní bu ẹni tí ó bá dúró sórí ti Jeddah. Ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀ ju tèmi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Súrà Yúsúfù. Ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ọ̀dá, àti ọkà tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀. Òwò mẹ́mórì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ọjà bá gbówó lórí, gbogbo wọn a sáré kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tí ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là àti ọdún bíi mélòó kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí pọ̀, mẹ́mórì a kún ọjà, owó rẹ̀ a sì jábọ́. Qimonda ti ilẹ̀ Jámánì wó ní ọdún 2009. Elpida ti ilẹ̀ Japan jẹ gbèsè títí ó fi wó ní ọdún 2012, Micron ti Amẹ́ríkà sì rà á ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Micron fúnra rẹ̀ pàdánù ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù dọ́là márùn-ún nínú ọdún ìṣirò 2023. Ànábì Yúsúfù mọ iye ọdún tí ọ̀pọ̀ yóò fi wà nítorí pé Ọlọ́hun ni Ó fi hàn án. Ta ni ó fi han àwa?

Ohun mìíràn tún wà tí arákùnrin yìí kò mọ̀. Àpò tí ó ń wò, èyí tí VanEck dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ń tẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ chip 25 tí ìpín wọn ń tà lórí ọjà Amẹ́ríkà. Nínú àwọn mẹ́ta tí ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú mẹ́mórì ayé, Micron nìkan ni ó wà níbẹ̀. Seoul ni ọjà Samsung àti SK Hynix. Ó rò pé mẹ́mórì ni òun fẹ́ rà, Nvidia ni ìbá gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀! Àpò náà kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣírò òdiwọ̀n tí mo sọ lókè yìí; ẹni tí ó bá rà á ni yóò yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àpò kan tún wà tí ń ṣe ìlérí èrè ìlọ́po mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ jìnnà sí wọn. Orí àdéhùn gbèsè ni wọ́n dúró lé, àdánù wọn náà sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Mo bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́? Bí owó yìí bá di ìdajì, kí ni o ó sọ fún wọn?" Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó padà wá, ó ní òun ti sanwó ìyá òun fún àwọn tí ń kó aláàájì lọ. Díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù, owó tirẹ̀ ni, kò sì sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Mo ní èyí yàtọ̀ pátápátá. Mo ṣàlàyé sàká fún un: bí ó bá rà á láti tún tà á, tí ó pé òdiwọ̀n, tí ọdún sì yí po, 2.5 nínú 100 iye rẹ̀ lọ́jà ọjọ́ náà ni yóò yọ.

Ìgbà náà ni òun gan-an wá béèrè ohun tí n kò retí. Ó ti kà pé ní ọdún 2005, Samsung gbà nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé àwọn bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn di owó mẹ́mórì pọ̀, wọ́n sì san ìtanràn 300 mílíọ̀nù dọ́là. Hynix san 185 mílíọ̀nù. Ànábì sì pe ẹni tí ń há ọjà mọ́ kí ó lè wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ tí mo ní ìpín níbẹ̀, ṣé ẹkún àwọn oníbàárà mi kò ní wà nínú èrè mi?"

Mo sọ fún un pé èrè tí ó bá ti ọwọ́ ìrẹ́jẹ tí a ti mọ̀ wá, kí ó yọ ọ́ jáde, bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá sì jáwọ́, kí ó ta ìpín rẹ̀. Ní ti èyí tí a kò mọ̀, mo ti kọ̀wé sí àwọn àgbà àlùfáà wa. N óò tẹ èsì wọn síbí nígbà tí ó bá dé, in ṣáà Allah.