Ojúewé Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Oníbàárà

Ìwọ tí o ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò ní Ìlíṣàn, ì báà jẹ́ Yunifásítì Babcock lo ti kọ́ṣẹ́ tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ṣágámù, gbọ́ ohun tó dé bá BMW, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Jámánì, lọ́dún 2006.

Ìkànnì wọn dùn ún wò. Àwòrán ọkọ̀ ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni Google ń kà. Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro: kí wọ́n fi h1 kọ àkọlé tó sọ ohun tí ojúewé náà dá lé, kí wọ́n fi h2 pín in sí ìsọ̀rí, kí h3 wà lábẹ́ h2, kí wọ́n sì kọ àlàyé tí oníbàárà lè kà. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni?

Wọn ò ṣe é. Ojúewé mìíràn ni wọ́n ṣe fún Google. Wọ́n kọ “ọkọ̀ àlòkù” ní èdè Jámánì síbẹ̀ lákọtúnkọ. Bí èèyàn bá ṣí i, kíá ni JavaScript á gbé e lọ síbi àwòrán. Kò ní rí ohun tí Google kà. Rò ó wò ná. Ẹnì kan jókòó, ó mọ̀ pé ohun tí òun ń fi han Google kọ́ ni oníbàárà máa rí, ó sì gbé e jáde. Ta ni ò mọ BMW tẹ́lẹ̀? Kí ni wọ́n ń wá?

Ní oṣù Èrèlé, Google yọ bmw.de kúrò nínú èsì rẹ̀. Matt Cutts, òṣìṣẹ́ Google nígbà náà tó ń gbógun ti irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀, kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. BMW ní àwọn ò ní in lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn ojúewé náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Google dá wọn padà.

Ìwọ ńkọ́? Ìyá aláṣọ tó gbéṣẹ́ fún ọ kò lórúkọ bíi ti BMW. Má ṣe kó orúkọ gbogbo ìlú Rẹ́mọ sínú h1, kí o wá fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí funfun. Afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún máa ń ti orí àkọlé kan bọ́ sórí òmíràn. Gbogbo ohun tí o fi pamọ́ báyẹn ni ẹ̀rọ yóò kà sí i létí.

Jọ̀wọ́, ṣí iṣẹ́ rẹ lónìí, pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́, kí o tó gbowó lọ́wọ́ ìyá náà.