Ẹni Tó Gbọ́ Ìpè Ẹ̀tàn Ti Di Ẹlẹ́rìí

Bí ìpè ẹ̀tàn bá wọlé, ohun tó yá wa lára jù ni ká dínà mọ́ nọ́ńbà náà, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ẹ̀tọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ta gan-an la dínà mọ́? Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kì í sábà lo nọ́ńbà ara wọn. Ti ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi ń bojú. Aláìṣẹ̀ la dínà mọ́ nígbà náà, ẹlẹ́tàn á sì mú nọ́ńbà mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìdínà nìkan kò tó. Ẹni tó gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí, Bíbélì àti Kùránì sì ka gbígbé ẹ̀rí pamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kíní ọdún 2024. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ku ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò pẹ̀lú ohùn àtọwọ́dá tó jọ ti Ààrẹ Joe Biden, ó ní kí wọ́n má jáde dìbò. Nọ́ńbà obìnrin olóṣèlú kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló hàn lójú fóònù. Nítorí pé àwọn ènìyàn fẹjọ́ sùn, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, wọ́n sì tọpa ìpè náà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ṣètò rẹ̀. FCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là lé e.

Ẹnìkan lè ní asán ni, torí ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn ní 2025. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjìyà nìkan kọ́ ni ẹ̀rí wà fún: ó wẹ aláìṣẹ̀ mọ́, ó sì ta àwọn tó kù lólobó. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, torí láti 2021 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá máa yẹ nọ́ńbà wò. Ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà jẹ́ ti ẹni tó ń pè. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló lè sọ ọ́. Ní Nàìjíríà, ká kọ́kọ́ fi ìpè bẹ́ẹ̀ sun iléeṣẹ́ tẹlifóònù wa. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ká pe NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, lórí 622. Ẹni tí ìpè náà ń bọ̀ wá bá lẹ́yìn wa lè má fura bíi tiwa, gbèsè ìkìlọ̀ yẹn sì wà lọ́rùn wa.