Bí Àjòjì Ṣe Ń Tẹ Ilẹ̀ Búdà

Ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò gbọ́ orúkọ Borobudur rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ. Òkè òkúta ni, tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tò jọ ní erékùṣù Java láàárín ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Bàtà àlejò ti jẹ àtẹ̀gùn rẹ̀ débi pé ní 2023, wọ́n pàṣẹ pé èèyàn 1,200 péré ni kó máa gùn ún lóòjọ́, sálúbàtà híhun tí wọ́n ṣe nítorí òkúta náà ni kálukú sì gbọ́dọ̀ wọ̀. Òkúta tó ń jẹ tán ṣeé fojú rí. Ohun tí àlejò ń jẹ run ní Bodh Gaya, nílẹ̀ Íńdíà, kò ṣeé fojú rí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í mọ̀ pé òun ń jẹ nǹkan.

Bodh Gaya, ní ìpínlẹ̀ Bihar, ni Siddhartha Gautama ti jókòó sábẹ́ igi kan títí ojú inú rẹ̀ fi là, tó di Búdà. Ọba Ashoka kọ́ ojúbọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Igi tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe ti àkọ́kọ́: èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ wó ní 1876, Alexander Cunningham sì gbin ọmọ rẹ̀ sípò ní 1881. Ní 2002 ni UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé, ó sì dà bíi pé ọjọ́ náà ni àwọn kan ti rò pé ibi ìwòran ló dà. Àwọn alápò ẹ̀yìn ni mò ń bá wí, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wọ rélùwéè olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ń sùn ní yàrá tí èèyàn mẹ́jọ jọ háyà. Kì í ṣe àìlówó wọn ló ń bí mi nínú. Alápò ẹ̀yìn ni Xuanzang náà, mọ́ńkì ará Ṣáínà tó rin ìrìn-àjò dé ìdí igi yìí ní ọ̀rúndún keje. Ìwé mímọ́ 657 ló kó padà sílé ní 645. Tiwa òde òní, fọ́tò ni wọ́n ń kó lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹ wo àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì tó ń jọ́sìn lórí pákó nínú ọgbà tẹ́ńpìlì tó yí igi náà ká. Wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sókè orí, wọ́n á gbé e wá sí ọ̀fun, wọ́n á gbé e wá sí àyà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé yọ̀ lórí pákó títí wọn á fi nà gbalaja. Wọ́n á dìde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á ṣe é ní ìgbà 100,000. Ìyá àgbàlagbà á ti làágùn, á máa ka àdúrà lábẹ́ ètè, bó sì ṣe gbójú sókè, ojú kámẹ́rà ló máa pàdé, ẹni tó gbé e dání ti lóṣòó síwájú rẹ̀. Èwo nínú wa ló ń kírun lọ́jọ́ Jímọ̀ tó máa gbà kí àjèjì lóṣòó sí iwájú orí rẹ̀ báyẹn? Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ wo ìyá náà. Á kọ ẹ̀yìn sí ère Búdà, á yọ ahọ́n, á ya ara rẹ̀. Àwa tí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá wa mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́.

Ní Sìrì Láńkà, wọn kì í fi irú rẹ̀ ṣeré. Ní 2012, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta láti ilẹ̀ Faransé ya ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni fẹnu ko ère Búdà lẹ́nu. Àwọn fúnra wọn ló kó fọ́tò náà lọ sí ilé ìfọtò ní Galle pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún àwọn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ké sí ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni adájọ́ dá fún wọn, ó sì so ó rọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ìtìjú làwọn gbé lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá ṣe ló tọ́. Ní 2014 wọ́n lé obìnrin ará Britain kan kúrò nílùú nítorí pé ó fín àwòrán Búdà sí apá, nígbà tó sì di 2017 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sanwó gbà-má-bínú fún un. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìfín ara obìnrin náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àdúrà.

Àwọn kan á ní Búdà fúnra rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run, àti pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kí èèyàn má so ọkàn mọ́ nǹkan, kí ló wá kan ère nínú ìbínú? Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ẹni tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n fi lélẹ̀ fún. Àlejò kò lè yá a lò láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Bihar kò lówó lọ́wọ́, owó àlejò ló ń bọ́ ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ àwọn olùjọsìn náà ń jẹun, wọ́n ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, orílẹ̀-èdè bíi Thailand, Bhutan àti Japan sì ti kọ́ tẹ́ńpìlì tiwọn sí ìlú náà. Èyí tó le jù láti dáhùn ni pé àwọn ọmọ Íńdíà pàápàá ń ya ara wọn níbẹ̀. Wọ́n ń yà á. Ayé ti di ayé tí ohun tí a kò bá yà kò ṣẹlẹ̀. Nílé tiwa níhìn-ín, kámẹ́rà tó ń há Arugbá mọ́ lọ́nà odò ní Òṣogbo kò kéré, ọmọ onílẹ̀ ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dání; níbi òkú, níbi ìsọmọlórúkọ, fóònù ló ń ṣíwájú ojú. Ẹni tí a bá fẹ́ bá wí á sì bi wá pé ta ni kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí Bodh Gaya, torí àṣìṣe onílé kì í di ẹ̀tọ́ àlejò.

Ní oṣù Keje 2013, bọ́ǹbù dún nínú ọgbà tẹ́ńpìlì náà, àwọn èèyàn sì farapa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fòfin de fóònù níbẹ̀. Kálukú ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe é, ó sì ṣeni láàánú pé bọ́ǹbù ló ṣe ohun tí ìtìjú ì bá ti ṣe. Kámẹ́rà ṣì ń wọlé fún ẹni tó bá sanwó rẹ̀. Kó ya ilé gogoro tẹ́ńpìlì náà láti òkèèrè, kó ya òdòdó. Kó bọ́ bàtà, kó fi ojúbọ sí ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe ń yí i po, bí àwọn tó bá níbẹ̀ ti ń ṣe. Tó bá jẹ́ pé ojú èèyàn ló wù ú, kó dúró kí onítọ̀hún ka àdúrà rẹ̀ tán, kó fọwọ́ béèrè, tí ẹni náà bá sì mirí, kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò.